Ta Ló Ni Tíránsífọ́mà Àdúgbò? Bí Ilé-Iṣẹ́ Iná Ṣe Ń Ṣírò Dúkìá àti Ẹ̀rọ Rẹ̀

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó rí mi bí ẹni tó lè bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Nígbà tí wọ́n wá bá mi nílé, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni n óò sọ. Mo ní rárá. Mo ní ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọdún 2017, àti pé bí n kò bá sọ ọ́ fún àwọn èèyàn mi, ta ni n óò sọ ọ́ fún?

Ẹlòmíràn lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé, “Kí ló kan èmi tí mò ń ta aṣọ lọ́jà pẹ̀lú ìṣirò dúkìá ilé-iṣẹ́ iná?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Kí n tó jókòó, ẹ ó rí i pé owó àpò yín ni mò ń sọ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Lọ́dún 2014, mo wà ní ìlú kan níhìn-ín ní àríwá tí iṣẹ́ ìjọba gbé mi lọ. Tíránsífọ́mà àdúgbò wa jó. A wà nínú òkùnkùn fún oṣù mẹ́ta gbáko. A lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, wọ́n ní kò sí owó. Ni ẹgbẹ́ àwọn onílé bá ṣèpàdé, a dá owó, wọ́n sì fi èmi ṣe akápò. Opó wà nínú wa tó ta ewúrẹ́ méjì kó tó rí tirẹ̀ san. A ra tíránsífọ́mà tuntun, a fi ọkọ̀ gbé e wá, a sanwó fún àwọn tó gbé e kalẹ̀. Ọjọ́ tí iná dé, a pa àgbò, a jó.

Lọ́dún 2017, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù wúwo dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n tú tíránsífọ́mà wa, wọ́n ní àdúgbò mìíràn nílò rẹ̀, wọ́n sì gbé kékeré kan tó ti gbó sípò rẹ̀. A pariwo pé tiwa ni. Ọ̀gá wọn kò bínú. Ó ṣí ìwé kan, ó fi nọ́ńbà hàn wá. Ó ní, “Ẹ wò ó, ó wà nínú ìwé dúkìá wa. Ìwé tiyín dà?”

Rìsíìtì ọjà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n rìsíìtì náà kò sọ ju pé a ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Kò sí bébà kan tó sọ lórí àdéhùn wo ni a fi gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Èmi tí mo ti ń ka dúkìá ìjọba láti 1985, tí mo mọ ohun tí ìwé lè ṣe, mo jẹ́ kí owó opó lọ láìsí ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú yín lónìí.

KÍ NI DÚKÌÁ, KÍ NI ỌJÀ?

Ìlànà kan wà tí àwọn oníṣirò owó ń lò káàkiri àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ilé, ẹ̀rọ àti irinṣẹ́. IAS 16 ni wọ́n ń pè é. Kí ó tó di pé orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ìlànà àgbáyé yìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́dún 2012, tiwa tí a ń lò ni SAS 3. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Ìlànà náà sọ pé kí nǹkan tó lè wọ inú ìwé bíi dúkìá irú èyí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun tó ń tà. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọn yóò lò ju ọdún kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tó yé gbogbo wa sọ ọ́. Màmá tó ń ta àmàlà ní ìkòkò, ó sì ní èlùbọ́. Èlùbọ́ jẹ́ ọjà, tí yóò lọ lónìí. Ìkòkò jẹ́ dúkìá, tí yóò wà níbẹ̀ lọ́la àti lọ́túnla. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìkòkò, ọjà ni ìkòkò yẹn kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni tíránsífọ́mà rí. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ọjà ni. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ iná, dúkìá ni. Òpó iná, wáyà, mítà, ilé tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ sí, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gun òpó, gbogbo wọn ni dúkìá. Ilé-iṣẹ́ iná yàtọ̀ sí ilé ìtajà. Owó púpọ̀ jù lọ nínú ohun ìní rẹ̀ wà lórí òpó, nínú ilẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Bí wọ́n bá ṣe ṣírò ohun wọ̀nyí ló máa sọ bóyá ilé-iṣẹ́ náà jèrè tàbí ó pàdánù, òun náà ló sì máa sọ iye tí èmi àti ẹ̀yin yóò san fún iná.

Ohun kan tún wà tó ṣe pàtàkì. Ìṣirò owó kì í kọ́kọ́ béèrè pé, “Orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì?” Ó máa ń béèrè pé, “Ta ló ń darí rẹ̀? Ta ló lè sọ pé ká lò ó síbí tàbí ká má lò ó? Ta ni àǹfààní rẹ̀ ń wọ àpò rẹ̀?” Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn. Òun ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ wa.

LÁTI ỌWỌ́ KAN SÍ ỌWỌ́ KEJÌ

Àwa tí à ń gbé Jos kò lè sọ pé a kò mọ ìtàn iná. Láti 1929 ni ilé-iṣẹ́ aládàáni tí à ń pè ní NESCO ti ń fi omi Kurra ṣe iná fún àwọn tó ń wa kùsà níhìn-ín, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn bàbá wa tí wọ́n tẹ̀lé rélùwéè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ibòmíràn bá iná yẹn níbí.

Ní ti ìjọba, ECN ló kọ́kọ́ wà. Lọ́dún 1972 ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó ìsédò Odò Ọya, tí ó wá di NEPA. Lọ́dún 2005, òfin tuntun sọ NEPA di PHCN, wọ́n sì pín in sí ilé-iṣẹ́ 18: 6 tó ń ṣe iná, 1 tó ń gbé iná lọ sí ọ̀nà jíjìn, àti 11 tó ń pín in dé ilé wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2013, ìjọba gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pín iná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Àwọn oníṣòwò gba 60 nínú 100, ìjọba mú 40. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná lọ sí ọ̀nà jíjìn kò kúrò lọ́wọ́ ìjọba.

Ẹ tún wo Kainji. Ìjọba kò ta ìsédò náà. Ó yá àwọn oníṣòwò fún 30 ọdún ni. Ìyẹn ni pé ẹnìkan lè máa lo ohun kan, kí ó máa rí owó níbẹ̀, kí ohun náà má sì jẹ́ tirẹ̀ títí láé. Àdéhùn tó wà nínú ìwé ló ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára títà. Bí ìjọba àpapọ̀ bá lè jókòó kọ àdéhùn kí ó tó gbé ìsédò lé èèyàn lọ́wọ́, kí ló dé tí àdúgbò kò lè kọ àdéhùn kí ó tó gbé tíránsífọ́mà sílẹ̀?

IYE TÓ Ń WỌ INÚ ÌWÉ

Ẹ jẹ́ ká fi owó sọ ọ́. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra tíránsífọ́mà. Ẹni tó ń tà á pè é ní ₦10,000,000, ó sì yọ ₦500,000 fún wọn. Wọ́n san ₦300,000 fún ọkọ̀ tó gbé e wá. Wọ́n san ₦400,000 fún kọnkéré tí yóò jókòó lé, ₦500,000 fún àwọn tó gbé e kalẹ̀ tí wọ́n so wáyà mọ́ ọn, àti ₦100,000 fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó tan án.

Èló ni yóò wọ inú ìwé? Kì í ṣe ₦10,000,000. ₦9,500,000 tí wọ́n san gan-an ni, pẹ̀lú gbogbo ìnáwó tó gbé e dé ibi tó ti lè ṣiṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦10,800,000. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá se àsè ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, tó pe oníjó, owó àsè kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Àsè kò mú tíránsífọ́mà ṣiṣẹ́.

Bákan náà, bí òfin bá sọ pé ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gbó tán, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tú u kúrò kí ó sì tún ilẹ̀ ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ fojú díwọ̀n owó yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi kún iye ẹ̀rọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè. Ní ti epo rọ̀bì, òfin ilé-iṣẹ́ epo ti 2021 tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n máa tọ́jú owó ìpalẹ̀mọ́ yìí sọ́tọ̀. Àwọn ará wa ní Niger Delta mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá lo ilẹ̀ tán tó sì sá lọ, ọmọ onílẹ̀ ló fi ìyà sílẹ̀ fún.

OGÚN ỌDÚN Ń BỌ̀ WÁ KỌ̀LA

Kò sí ẹ̀rọ tí kì í gbó. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣirò owó kì í fi gbogbo owó tíránsífọ́mà sínú ìnáwó ọdún kan ṣoṣo. Wọ́n máa ń pín in sí iye ọdún tí yóò fi ṣiṣẹ́. Mo ń pè é ní ìdínkù iye.

Ká ní tíránsífọ́mà wa yóò lo 20 ọdún, tí a sì rò pé bí ó bá gbó tán, a ó rí ₦800,000 lórí irin àti kọ́pà rẹ̀. Ẹ yọ ₦800,000 kúrò nínú ₦10,800,000, ó ku ₦10,000,000. Ẹ pín in sí 20, ó jẹ́ ₦500,000 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún 5, ₦2,500,000 ti lọ, iye tó kù nínú ìwé jẹ́ ₦8,300,000. Bí ó bá wá jó lọ́dún yẹn nítorí pé wọ́n di iná jù ú lọ, tí wọ́n sì ta irin rẹ̀ ní ₦600,000, ₦7,700,000 ni ilé-iṣẹ́ pàdánù. Àìbójútó kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkùnkùn nìkan. Owó gidi ni, inú ìwé ló sì ń hàn sí.

Ohun ńlá kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú ìwé. Ẹ tún wo Kainji, tí wọ́n parí ní 1968. Ẹ̀rọ amúnáwá 8 ló wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn pa pọ̀ jẹ́ megawatt 760. Ògiri tó sé omi lè dúró fún ìran dé ìran. Tọ́báìnì tí omi ń yí kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun èlò kékeré tó ń darí iná kò tún lè pẹ́ tó tọ́báìnì. Nítorí náà, ìlànà sọ pé kí wọ́n ya apá kọ̀ọ̀kan tí iye rẹ̀ pọ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Bí ẹ bá fún tọ́báìnì ní ọjọ́ orí ògiri, ẹ ó rò pé ẹ ń jèrè lọ́dọọdún, títí ọjọ́ tí tọ́báìnì yóò dúró tí kò sì ní sí owó láti ra òmíràn. Mo ń fi èyí kìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọkọ̀ akérò pẹ̀lú. Owó táyà àti ẹ́ńjìnnì kì í ṣe èrè. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti jẹ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náírà tún wà ńbẹ̀. Lọ́dún 2013 tí wọ́n gbé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kalẹ̀, dọ́là kan kò tó ₦170. Lọ́dún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Tíránsífọ́mà tí ìwé pè ní owó kékeré, ọjà ń pè é ní owó ńlá. Ìlànà gbà pé kí ilé-iṣẹ́ tún dúkìá rẹ̀ díwọ̀n, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yan èyí tó wù ú. Bí ó bá tún tíránsífọ́mà kan díwọ̀n, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò tún díwọ̀n. Èlé tó bá sì tibẹ̀ jáde kò gbọ́dọ̀ wọ inú èrè ọdún, nítorí kò sẹ́ni tó ta nǹkan kan.

ÀTÚNṢE TÀBÍ DÚKÌÁ?

Níbí ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ti máa ń wọlé. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ pààrọ̀ fúùsì, tó gé igi tó kan wáyà, ìnáwó ọdún náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pààrọ̀ gbogbo wáyà àdúgbò tí ó sì tún máa lo ọdún púpọ̀, dúkìá nìyẹn.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ná ₦20,000,000 lórí àtúnṣe kéékèèké, tí ọ̀gá rẹ̀ sì sọ fún akáǹtáǹtì pé, “Kọ ọ́ bíi dúkìá, pín in sí 20 ọdún.” ₦1,000,000 péré ni yóò hàn bí ìnáwó lọ́dún yẹn. ₦19,000,000 yóò fara hàn bí èrè tí kò sí. Ọ̀gá yóò gba owó ìdùnnú, àwọn onípìn-ín yóò pàtẹ́wọ́. Ẹ má rò pé àlá ni. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹfà 2002, WorldCom kéde pé wọ́n ti kọ ìnáwó tó ju dọ́là bílíọ̀nù 3.8 lọ bíi dúkìá. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni, kì í ṣe ti iná, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Kí ọdún yẹn tó jìnnà, ó ti wó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́.

TÍRÁNSÍFỌ́MÀ TÍ ÀDÚGBÒ RÀ

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ opó yẹn. Bí àdúgbò bá ra tíránsífọ́mà tí wọ́n sì gbé e fún ilé-iṣẹ́ iná, kí ni ìṣirò owó sọ? Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2009, àwọn tó ń ṣe ìlànà àgbáyé gbé ìtọ́ni kan jáde, IFRIC 18, lórí dúkìá tí oníbàárà gbé fún ilé-iṣẹ́ kí wọ́n lè so ó mọ́ iná, omi tàbí gáàsì. Láti 2018 ni IFRS 15 ti gba ipò rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti ń darí ohun náà, yóò kọ ọ́ sínú ìwé bíi dúkìá tirẹ̀, ní iye tó tọ́ sí i lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò san kọ́bọ̀. Ọ̀gá tó ṣí ìwé fún wa lọ́dún 2017 kò parọ́ lórí èyí. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ní ẹsẹ̀ kan. Bí ₦10,800,000 bá wọ apá kan ìwé, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wọ apá kejì. Kí ni nǹkan náà?

Bí kò bá sí àdéhùn ìdápadà, yóò wọlé bí owó tí ilé-iṣẹ́ pa. Owó tí ẹ dá, tí opó ta ewúrẹ́ sí, yóò wà nínú ìwé wọn bí owó tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí àdéhùn bá wà pé wọn yóò dá a padà, yálà ní owó tàbí nípa yíyọ ọ́ kúrò lára owó iná yín, gbèsè ni yóò jẹ́ lọ́rùn wọn. Tíránsífọ́mà kan náà, iye kan náà. Bébà kan ṣoṣo ló sọ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí gbèsè.

Ó tún ku ọ̀kan. Láti 2008 ni àjọ NERC ti ń fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní MYTO ṣètò iye owó iná. Nínú ètò náà, owó tí à ń san ní apá mẹ́ta: ìnáwó ojoojúmọ́, ìdínkù iye dúkìá, àti èrè lórí owó tí ilé-iṣẹ́ fi ra dúkìá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bí tíránsífọ́mà tí ẹ fi owó ara yín rà bá wọ inú dúkìá tí wọ́n ń ṣírò èrè lé lórí, tí ẹnikẹ́ni kò yà á sọ́tọ̀, ẹ ti rà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì tún máa san ìdínkù iye rẹ̀ àti èrè orí rẹ̀ fún ẹni tí kò rà á. Ní oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 fún unit kan, gbogbo wa la pariwo. Ó yẹ ká máa béèrè ohun tó wà nínú iye yẹn pẹ̀lú.

KÍ LÓ YẸ KÁ ṢE?

Iṣẹ́ ìjọba kọ́ mi ní ohun kan. Ní òpin ọdún, a máa ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò wọ yàrá ìkẹ́rù, tí yóò ka ohun tó wà nílẹ̀, tí yóò sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Kì í ṣe ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ló ń ka ẹrù ara rẹ̀. Ó yẹ kí àdúgbò náà ní irú ìwà yẹn. Ìmọ̀ràn mi nìyí.

Èkíní, kí ẹ tó dá kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ iná kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní ìwé. Iṣẹ́ wọn ni láti pèsè tíránsífọ́mà, òpó àti wáyà. Kì í ṣe iṣẹ́ àdúgbò.

Èkejì, bí ọ̀ràn bá le tí ẹ sì pinnu láti ra á fúnra yín, ẹ mọ̀ pé NERC ṣe òfin lọ́dún 2015 lórí ìnáwó sórí ohun èlò iná, tó fún oníbàárà láyè láti bá ilé-iṣẹ́ ṣe àdéhùn bí wọn yóò ṣe dá owó rẹ̀ padà. Ẹ fọwọ́ sí àdéhùn náà kí ẹ tó ra ọjà, kì í ṣe lẹ́yìn tí iná bá ti tàn. Lẹ́yìn tí iná bá tàn, kò sẹ́ni tó ń rántí ìwé mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí àdéhùn náà sọ iye rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ, ibi tí yóò wà, ọ̀nà tí wọn yóò gbà dá owó padà, àti pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e kúrò láìjẹ́ pé ẹ gbà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ onílé ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀: ẹni tó dá owó, iye tó dá, rìsíìtì ọjà, rìsíìtì ọkọ̀, rìsíìtì àwọn tó gbé e kalẹ̀. Ẹ rántí pé gbogbo rẹ̀ ló para pọ̀ di iye tíránsífọ́mà. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ó má jẹ́ pé ọ̀dọ̀ akápò nìkan ló wà. Èmi akápò ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí olóṣèlú tàbí ìjọba bá fi tíránsífọ́mà ta yín lọ́rẹ, ẹ gba ẹ̀dà ìwé tó sọ ẹni tí wọ́n fún àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọrẹ tí kò ní ìwé, ẹni tó bá lágbára ló ń ni ín.

Ẹ̀kẹfà, òfin iná mànàmáná ti 2023 ti jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ lè ní àjọ tiwọn tí yóò máa bójú tó iná láàárín ìpínlẹ̀. Bí irú àjọ bẹ́ẹ̀ bá pe àwọn ará ìlú wá sọ̀rọ̀ lórí owó iná, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀. Ẹ rán ẹni tó lè ka ìwé ìṣirò lọ, kí ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Èló nínú dúkìá yìí ni àwa ará àdúgbò rà, ṣé ẹ ti yọ ọ́ kúrò?”

ÌKÁDÌÍ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ lè tọ́jú àkọsílẹ̀ sí ibi tí iná kò ti lè jó o. Àwa àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tí ìjọba kò lè sọ pé òun kò rí. Ẹ jẹ́ ká pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀.

N kò sọ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ iná jẹ́ olè. Àwọn òṣìṣẹ́ rere wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gun òpó nínú òjò kí èmi àti ẹ̀yin lè ríran. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé wọn ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, àwa kò sì ní ìwé tí yóò fèsì. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Mo padà sí ìlú yẹn ní ọdún tó tẹ̀lé ìfẹ̀yìntì mi. Mo lọ kí opó náà. Ó fi mí ṣẹ̀rín, ó ní, “Akáǹtáǹtì, iná wa dà?” N kò rí èsì fọ̀ fún un. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní ni èsì mi, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó dé.